Ẹ Bi Wá Nípa Ajá: Ọmọ Ajá Ń Lọ Gẹrun fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Àwọn ìwé tó wọlé lóṣù yìí, láti Abuja títí dé Jos, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn kan náà: a ti ra ọmọ ajá onírun, báwo la ṣe máa mú un dé ọ̀dọ̀ agẹrun ajá láìsí ariwo? A mú mẹ́fà nínú wọn. Ìdáhùn sí ìkejì gùn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ajá Lhasa mi pé ọ̀sẹ̀ 9, ó ti gba abẹ́rẹ́ kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má gbé e dé ọ̀dọ̀ agẹrun títí yóò fi pé oṣù 6. Aládùúgbò mi ní kí n gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí kó lè tètè mọ́ ọn lára. Ta ni kí n tẹ̀lé? (Ìyálé ilé kan, Kubwa)

Ẹ má tẹ̀lé ìkankan nínú àwọn méjèèjì délẹ̀, ìyá wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń gba ohun tuntun láìfòyà. Ọwọ́ àlejò, ariwo ẹ̀rọ, ilẹ̀ tó ń yọ̀, èyí tó bá bá pàdé nígbà náà tó sì já sí dídùn, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá dúró dé oṣù 6, àsìkò náà ti kọjá, irun Lhasa á sì ti ta kókó débi pé ìrora ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ lọ́wọ́ agẹrun.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí oríṣiríṣi ajá ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde, kì í ṣe ibi tí ajá alábẹ́rẹ́ kan ń lọ. Parvo, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, ló ń já wa láyà. Inú ìgbẹ́ ajá tó ní in ló ti ń ràn, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn kan rò pé owó ni dókítà ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjẹsára tí ọmọ ajá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ máa ń pa agbára abẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fojú wo ajá kó mọ ọjọ́ tí ti ìyá máa tán lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tó gbà ní ọ̀sẹ̀ 16 fi ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 3. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 17 tàbí 18.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbé, láàárín dígírì 2 sí 8. Ẹni tó gbé e sínú àpò láti òwúrọ̀ nínú ooru Abuja, tó ń gún un fún ajá láti ojúlé dé ojúlé, omi lásán ló ṣeé ṣe kó máa gún. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko tí Veterinary Council of Nigeria forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gún un, kó sì kọ ọ́ sí káàdì. Káàdì yẹn ni agẹrun tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè.

Ní ti ọ̀sẹ̀ tó kù kó tó lè jáde, ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwé tó tẹ̀ lé e yìí béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Dókítà sọ fún wa pé ká bẹ̀rẹ̀ nílé kí ọmọ ajá wa tó lọ gẹrun. Poodle ni, ọ̀sẹ̀ 11. Kí la ń bẹ̀rẹ̀ gan-an? (Tọkọtaya kan, Lugbe)

Agẹrun máa fọwọ́ kan ibi tẹ́nikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Á gbé e dúró lórí tábìlì. Á tan ẹ̀rọ tó ń kùn nítòsí etí rẹ̀, á sì fi dráyà fẹ́ ẹ lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lẹ máa kọ́ ọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà tó bá ti ṣeré tó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ẹ fi omi lásán bọ ẹran adìyẹ, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀wà. Kílíṣí kọ́ o, bó ti wù kó máa wo yín lójú tó. Iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọwọ́ nìkan. Ẹ di etí mú, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ fún un lẹ́ran. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ fi ìka la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un lẹ́ran. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrù, abẹ́ ìrù, ètè àti àgbọ̀n. Ọwọ́ ló ń ṣáájú, ẹran ló ń tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹran tan ajá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dì í lẹ́sẹ̀ mú. Kì í pẹ́ tí ajá fi ń mọ̀ pé tí òun bá ti rí ẹran, wọ́n fẹ́ mú òun nìyẹn, ẹran náà gan-an ló sì máa ń sá fún.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú bọ́rọ́ọ̀ṣì àti òòyà onírin wọlé. Ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n irun náà kó tutù fẹ́ẹ́rẹ́, torí irun gbígbẹ máa ń já, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣóńṣó irun lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí irun bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń ti gbogbo kókó jọ sójú kan. Bọ́rọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó fún Poodle tàbí Lhasa. Ó lè mú òkè dán nígbà tí abẹ́ ti dì bí ẹní. Bí òòyà bá lè kọjá láti awọ ara dé ṣóńṣó láìdúró, irun ti yà. Ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ okùn ọrùn àti ìtan nínú ni kókó ń sá sí. Kẹ́ ẹ sì má wẹ ajá tí irun rẹ̀ ti ta kókó, omi ń mú kókó le sí i ni.

Lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ tan kílípà tí bàbá fi ń gẹ irùngbọ̀n níbi tó jìnnà tó mítà 2 nígbà tí ọmọ ajá ń jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀. Tó bá ti ń jẹun lọ láìgbójú sókè, ẹ fi ẹ̀yìn kílípà náà, kì í ṣe ẹnu abẹ, kan èjìká rẹ̀ kó mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lójoojúmọ́ ní àǹfààní tiẹ̀ níbí yìí. Ọmọ ajá ibẹ̀ kì í bẹ̀rù ariwo bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni tábìlì. Ẹ tẹ́ ohun tí kì í yọ̀ sórí rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ bálùwẹ̀ dára, kẹ́ ẹ má sì yọwọ́ lára rẹ̀. Ọmọ ajá tó bá já bọ́ láti orí tábìlì lè ṣẹ́ ẹsẹ̀, kò sì ní gbàgbé tábìlì. Dráyà náà wọlé lọ́sẹ̀ yìí, lórí afẹ́fẹ́ tútù, láti ìdí síwájú, ẹ má fẹ́ ẹ sí i lójú.

Tó bá ń lá ètè, tó ń yán láìsí oorun, tó ká ìrù sábẹ́, tàbí tó kọ ẹran tó fẹ́ràn, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú, ibi tó ti fara balẹ̀, kẹ́ ẹ parí rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun ajá pọ̀ ní agbègbè wa. Kí ni kí n wò kí n tó fi ọmọ ajá mi sílẹ̀, báwo sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe yẹ kó rí? (Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Gwarinpa)

Ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú ajá dání. Ṣọ́ọ̀bù tí kò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín, kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú yín náà nìyẹn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń fọ tábìlì àti àgò. Bílíìsì tí wọ́n pò, ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 30, tó sì wà lórí tábìlì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ló ń pa parvo.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ ajá. Àgò tí wọ́n ti ajá mọ́, tí wọ́n wá kọ dráyà gbígbóná sí i, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ti lọ ra nǹkan níta, ti pa ajá rí, pàápàá àwọn tí imú wọn tẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe tí iná bá lọ nígbà tí ajá ṣì tutù. Irun tó nípọn tí kò gbẹ dé awọ máa ń di egbò láàárín ọjọ́ méjì. Okùn tó ń di ajá lọ́rùn mú lórí tábìlì wúlò, àmọ́ ẹni tó bá fi ajá sílẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun máa fún un ní oògùn oorun kó lè dákẹ́, tí kì í ṣe dókítà ẹranko, ẹ gbé ajá yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ béèrè nọ́ńbà abẹ tí wọ́n fẹ́ lò. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni irun ń kúrú. Nọ́ńbà 10 ń fi bíi mìlímítà 1.5 sílẹ̀, 7F ń fi bíi 3, nígbà tí 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ nǹkan kù, ti ẹni tó fẹ́ la ara ajá ní ilé ìwòsàn ni. Abẹ máa ń gbóná bó ti ń ṣiṣẹ́. Agẹrun tó dáa á máa fi kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, á sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹ má gẹ nǹkan kan. A mọ̀ pé èyí máa ń bí àwọn kan nínú, pé wọ́n wakọ̀ láti Gwarinpa lọ sí Wuse, wọ́n sanwó, ajá sì padà wálé bó ṣe lọ. Ohun tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́ náà ni ọdún 12 tí ajá máa fi dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday, kì í ṣe Saturday tí ajá kún ibẹ̀ tí wọ́n ń gbó. Kó ti jẹun tán ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú kó má bàa bì nínú ọkọ̀, kó ti tọ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20: kí agẹrun gbé e sórí tábìlì, kó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì yà á, kó tan kílípà láìfi kàn án, kó fún un lẹ́ran tẹ́ ẹ gbé wá, ó parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà fún wíwẹ̀, gbígbẹ àti èékánná. Nígbà kẹta, kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ti ojú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí. Gígẹ gbogbo ara lè dúró dé nǹkan bí oṣù 5 sí 6. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra ni ti Lhasa àti Poodle. Láti nǹkan bí oṣù 6 sí ọdún kan ni irun ọmọ ajá ń bọ́ sílẹ̀ fún irun àgbà, kókó á sì pọ̀ nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má yà yín lẹ́nu.

Ẹ dúró tì í nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ẹ jáde láìṣe ó dàbọ̀ gígùn, torí ajá tó ń wo olówó rẹ̀ kò ní yé fò sí i, sísọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ wo abẹ́ ikùn, abíyá àti ìdí. Tó bá pọ́n, tó sì ń lá a láìdúró, abẹ ti jó o nìyẹn, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ ajá Caucasian wa jẹ́ oṣù 5, ooru Kaduna sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé kí agẹrun fá gbogbo irun rẹ̀? (Bàbá kan, Kaduna)

Rárá, sà. Ìpele méjì ni irun Caucasian, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Alsatian àti Eskimo. Èyí tó gùn lókè ń dí oòrùn, èyí tó rí múlọ́múlọ́ lábẹ́ ń dí ooru àti òtútù lọ́nà. Ajá kì í làágùn lára bíi ti wa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fá a, oòrùn á bá awọ rẹ̀ ní ìhòòhò. Irun abẹ́ máa ń tètè hù ju ti òkè lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ti òkè ń padà bó ṣe wà. Ajá míì ń gbé e kiri ní àbùlẹ̀ fún ọdún kan.

Irun tó ti kú tó sì há sábẹ́ ni kí wọ́n fi ràkí, ìyẹn òòyà eléyín gígùn tí wọ́n fi ń ya irun abẹ́, kó jáde lẹ́yìn ìwẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ gbẹ dé awọ. Bẹ́ẹ̀ nìkan, afẹ́fẹ́ á máa kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibòji, omi tútù tí kò tán, àti kí ìrìn rẹ̀ ti parí kí aago méje àárọ̀ tó lù.

Ṣọ́ọ̀bù tá a mú ọmọ ajá wa lọ ní eégbọn pọ̀ lára rẹ̀, pé àwọn á fi òtapíápíá díẹ̀ sínú omi ìwẹ̀. Ṣé kò léwu? Oṣù 3 ni. (Òǹkàwé kan, Nyanya)

Ó léwu, ó lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Dichlorvos ló wà nínú òtapíápíá, ó sì ń gba awọ wọlé. Tí wọ́n bá ti fi wẹ̀ ẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni itọ́ tó ń dà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbọ̀n, dúdú ojú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, àti èémí tí kò já gaara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Atropine ni wọ́n fi ń bá a jà, àmọ́ àsìkò kì í dúró. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ajá tó ń gbọ̀n kò lè gbé e mì dáadáa, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà máa gbà lọ.

Epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi pa ìfọ́n kò sàn jù ú lọ. Amitraz tí wọ́n ń pò mọ́ omi, oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ajá tí kò tíì pé oṣù 4. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn ọmọ ajá náà lórí òṣùwọ̀n, kó fi kílò rẹ̀ yan oògùn.

Èyí tó wà lára rẹ̀ báyìí, ẹ fi twísà mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ jù, kẹ́ ẹ fà á tààrà, ẹ má lọ́ ọ, ẹ má fi iná kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé. Inú ògiri tó lanu àti ẹ̀yìn àgò ni abo eégbọn ń lọ yé ẹyin sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ara ajá. Ẹni tó ń tọ́jú ajá láìtọ́jú ògiri, oṣù tó ń bọ̀ ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Tí èrìgì ọmọ ajá bá funfun, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì, ẹ fi agẹrun sílẹ̀ ná, ibà eégbọn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria wà fún àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gé èékánná ọmọ ajá mi, ẹ̀jẹ̀ dà. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí n tàbí agẹrun fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Dúdú ni èékánná rẹ̀, mi ò rí inú. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Jos)

Ẹran kan wà nínú èékánná, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lára èékánná funfun, ẹ máa rí i bí ojú ìlà pupa. Ti dúdú kò ṣeé rí. Torí náà, mìlímítà 1 sí 2 péré lẹ máa gé lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Tó bá ṣì gbẹ tó funfun bí ẹfun, àyè ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀kán dúdú kékeré kan láàárín tó ń dán, ẹ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ẹ tẹ kọ́ọ̀nfláwà mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 5 láìyọwọ́ wò ó. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 15 tí kò dá, ó di ti dókítà.

Ẹ fi ọ̀bẹ èékánná náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ padà sí ohun tá a sọ fún àwọn ará Lugbe, láti èjìká wá sí ìgúnpá, láti ìgúnpá wá sí ẹsẹ̀, ẹran lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ di ọmọ ìka kan mú, ẹ gé ẹyọ kan lọ́jọ́ náà, òmíràn lọ́la. Ẹ sọ fún agẹrun pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é, kó má lọ fi agbára gé méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé èyí tó wà lókè ẹsẹ̀ iwájú nínú, tí kì í kan ilẹ̀. Kò sí ohun tó ń pa á rẹ́, ó lè ká wọnú ẹran ara rẹ̀.